Houston, Níbi Tí Ọmú Àtọwọ́dá Ti Ṣẹ̀

Bí ènìyàn bá dúró ní etí odò Buffalo Bayou ní ìlú Houston, ìpínlẹ̀ Texas, tí ó sì kọ ojú sí òpópónà Allen Parkway, ilé ńlá kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti bíríkì sísun ni yóò rí. Ẹ̀ka báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Àwọn tó ń sáré fún ìlera ara ń gba ẹ̀bá odò kọjá, àwọn mìíràn ń gun kẹ̀kẹ́, òmíràn fa ajá rẹ̀ lọ́wọ́. Ooru oṣù Kẹfà níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn. Ooru inú ìkòkò tí a dé pa ni tiwọn, aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn kí a tó rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí òkúta ìrántí tàbí pátákó kankan tó sọ ohun tí ojú ilẹ̀ náà ti rí.

Ohun tí ó rí nìyí. Kí báńkì tó débẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba kan ló wà lórí ilẹ̀ náà, Jefferson Davis ni orúkọ rẹ̀. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1962, àwọn dókítà méjì, Thomas Cronin àti Frank Gerow, la àyà obìnrin kan nínú ilé ìwòsàn yẹn, wọ́n sì fi àpò tí sílíkónì kún inú rẹ̀ sí i lọ́tùn-ún àti lósì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé. Àpò sílíkónì tí ó wà láyà ẹnikẹ́ni lónìí, yálà gbajúmọ̀ orí Instagram tàbí ìyá tó jókòó níwájú yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé àtijọ́ mìíràn ṣì wà ní òpópónà Elder tí òun náà ti jẹ́ Jefferson Davis rí. Orí itẹ́ òkú ni wọ́n kọ́ ọ sí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìtàn iwin sì pọ̀ nípa rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń lọ ya fọ́tò. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ilé kejì, èyí tó wà ní Allen Parkway, ni tiwa, òun sì ni wọ́n ti wó. Jefferson Davis tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é ni ààrẹ àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó jagun kí oko ẹrú má bàa parí. Ní ẹ̀yìn ilé ìwòsàn náà gan-an ni Freedmen's Town wà, àdúgbò tí àwọn tó gba òmìnira kúrò lóko ẹrú tẹ̀ dó lẹ́yìn ọdún 1865. Nígbà tí ara wọn kò bá yá, abẹ́ orúkọ ọkùnrin yẹn ni wọ́n máa ń gbà wọlé lọ gba ìtọ́jú. Ẹ ronú sí i.

Timmie Jean Lindsey ni orúkọ obìnrin àkọ́kọ́ náà. Ọmọ mẹ́fà ló ti bí, olówó sì kọ́. Kò wá ọmú wá. Àwòrán òdòdó róòsì tí wọ́n fín sí i láyà ló fẹ́ kí wọ́n bá òun pa rẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ ni àwọn dókítà ti bi í bóyá yóò jẹ́ kí wọ́n dán ohun tuntun kan wò lára òun. Etí ló jẹ Timmie lógún ní tirẹ̀: ó ka etí rẹ̀ sí èyí tó yọ síta jù, ó sì wù ú kí wọ́n bá òun fà á mọ́ orí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di àdéhùn nìyẹn. Wọ́n tún etí ṣe fún un, ó gba àpò. Nígbà tí ó pé ẹni ọgọ́rin ọdún, òun fúnra rẹ̀ ṣì ń sọ ìtàn yìí fún àwọn oníròyìn, àpò ọdún 1962 náà sì ṣì wà láyà rẹ̀.

Bí èrò náà ṣe wá, wọ́n ní Gerow ló di àpò ẹ̀jẹ̀ mú lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì rí i pé ó rọ̀ bí ọmú. Ajá kan tí ń jẹ́ Esmeralda ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára rẹ̀. Lẹ́yìn ajá, ó kan Timmie. Ní ọdún 1963, Cronin ti ń ròyìn iṣẹ́ náà fún àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpàdé kan ní Washington. Ọjà sì ṣí. Ọdún 1976 ni Amẹ́ríkà tó ṣe òfin pé kí àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, máa bójú tó irú àwọn ohun tí wọ́n ń fi sára ènìyàn bẹ́ẹ̀. Fún ọdún mẹ́rìnlá gbáko, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó di dandan fún oníṣòwò láti fi hàn pé àpò tí òun ń tà kò léwu.

Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, òǹkọ̀wé ará Netherlands kan, Jan de Hartog, wá sí Houston láti kọ́ni ní yunifásítì, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Jefferson Davis. Ohun tí ó rí ló kọ sínú ìwé rẹ̀, The Hospital, ní ọdún 1964: àìtó òṣìṣẹ́, àìtó ohun èlò, ìyà tó ń jẹ aláìsàn tálákà. Ìwé náà dójú ti àwọn ará ìlú débi pé wọ́n gbà kí wọ́n máa fi owó orí tọ́jú ilé ìwòsàn àwọn tálákà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé inú ilé kan náà ni. Níbi tí nọ́ọ̀sì kò ti tó láti gbé aláìsàn dìde ni ohun tuntun tí yóò di òwò olówó gọbọi ti rí ara tí yóò fi ṣe ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa èdè, nítorí òun ni mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Lónìí, dókítà kò gbọdọ̀ fi abẹ kan aláìsàn láìjẹ́ pé ó ti la ọ̀rọ̀ yé e, tí onítọ̀hún sì ti gbà. Ìfọwọ́sí ni àwa ń pè é. Ọwọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ wa yìí dárúkọ. Kò dárúkọ etí tó gbọ́ tàbí ojú tó kà á. Ènìyàn sì lè fi ọwọ́ sí ohun tí kò yé e, a ń rí i lójoojúmọ́ ní báńkì àti lọ́dọ̀ onílé. Timmie Lindsey gbà, kò sí ẹni tó fipá mú un. Ṣùgbọ́n kí ni wọn ì bá là yé e, nígbà tí àwọn tó mú abẹ dání pàápàá kò mọ ohun tí àpò náà yóò dà lẹ́yìn ogún ọdún?

Kì í ṣe ìtàn ló gbé mi dé Houston. Àbúrò ìyá mi ni, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí Houston láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Alief ni wọ́n ń gbé, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, nítòsí òpópónà Bissonnet tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí bí eṣú. Láàárín ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀, ẹ ó ra èlùbọ́, ẹ ó ra pọ̀nmọ́, ẹ ó sì gbọ́ bí Yorùbá, Ìgbò àti Pidgin ṣe ń ná ọjà kan náà. Aṣọ ni Àǹtí ń rán. Bí ẹ bá rí ìyàwó tí bùbá rẹ̀ jókòó sí èjìká dáadáa nínú fọ́tò ìgbéyàwó láti apá ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ wọn.

Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, jẹjẹrẹ mú Àǹtí lọ́mú òsì. Wọ́n gé ọmú náà, wọ́n sì fi àpò sílíkónì rọ́pò rẹ̀. Ìyá mi nìkan ni Àǹtí sọ fún ní ilé. Àwa ọmọ kò mọ̀ títí di oṣù Kẹta tó kọjá, nígbà tí Àǹtí ń wọ bùbá tiwọn wò níwájú dígí tí apá òsì kò gbà wọ́n mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àwọn sanra ni. Wọ́n mú téèpù, wọ́n wọn ọ̀tún, wọ́n wọn òsì. Òsì fi íǹṣì kan àtààbọ̀ tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti di íǹṣì méjì.

“Téèpù kì í tan aránṣọ jẹ,” ni ọ̀rọ̀ tí Àǹtí kọ́kọ́ sọ nípa rẹ̀ fún mi, nínú ọkọ̀, bí a ti ń kúrò ní pápákọ̀ òfurufú. “Ọmọ mi, ìwọ ni o máa bá mi gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ. Bí wọ́n bá ti dárúkọ jẹjẹrẹ, etí mi á di.”

“Mo máa gbọ́ ọ, mà,” ni mo fi dá wọn lóhùn. “Mo máa kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ìlú nínú ìlú ni ibi tí wọ́n ń pè ní Texas Medical Center. Kò sí ibi tí ilé ìwòsàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sójú kan ní gbogbo ayé. Ilé gíga tẹ̀lé ilé gíga, afárá onígíláàsì so òmíràn mọ́ èkejì lókè títì, ọkọ̀ ojú irin kékeré sì ń gba àárín wọn kọjá bí ẹni ń gba àárín ọjà. MD Anderson, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1941, wà níbẹ̀. N kò ní dárúkọ èyí tí àwa lọ. Ohun tí ó jọ mí lójú ni ìdákẹ́jẹ́: ọgọ́rọ̀ ènìyàn jókòó, olúkúlùkù di fáìlì tirẹ̀ mú, kò sí ẹni tó ń bi ẹnì kejì pé kí ló ṣe é. Ní ilé wa, kí nọ́ọ̀sì tó dé, a ó ti mọ àìsàn ara wa, a ó ti gbàdúrà, ẹnì kan á sì ti júwe àgbo.

Obìnrin ni dókítà tó gbà wá wọlé. Kí ó tó sọ ohunkóhun, ó mú àpò kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó tutù. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ, ó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n tú sínú ọ̀rá kí ó tó dì tán. Ó fún mi ní èkejì. Èyí àkọ́kọ́ dán, èkejì hán díẹ̀ bí ojú ìwé tí wọ́n fi ń ha pákó. Wọ́n ṣe èyí tó hán bẹ́ẹ̀ kí ẹran ara lè dì í mú, kí ó má bàa yí kiri nínú àyà. Lára irú rẹ̀ ni wàhálà tí a bá wá ti jáde.

Dókítà ní ara kì í gba àlejò láìṣọ́ ọ. Bí àpò bá ti wọlé, ara á hun awọ kan yí i ká, gbogbo ènìyàn ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, kò sì burú fúnra rẹ̀. Àmọ́ nígbà mìíràn, awọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fún un mọ́ra, bí ìgbà tí a ń fa okùn ṣòkòtò. Ọmú á le, á yí ìrísí padà, á máa dunni. Èyí wà lára ohun tó ń dá àwọn obìnrin padà sábẹ́ abẹ jù. Àpò sì lè bẹ́. Bí ó bá jẹ́ olómi iyọ̀ ni, ọmú á rọ̀ wọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, onítọ̀hún á mọ̀. Bí ó bá jẹ́ sílíkónì, ó lè bẹ́ kí ara má sọ nǹkan kan; ẹ̀rọ nìkan ló lè rí i. Ìdí nìyẹn tí FDA fi ní kí ẹni tó ní àpò sílíkónì lọ ṣe àyẹ̀wò ultrasound tàbí MRI ní ọdún karùn-ún tàbí ẹ̀kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ó sì máa tún un ṣe ní ọdún méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta títí lọ, kódà bí nǹkan kan kò bá ṣe é.

Mo wo ojú Àǹtí. Ọdún mẹ́sàn-án, wọn kò ṣe é rí lẹ́ẹ̀kan.

“Wọ́n sọ ọ́?” ni Àǹtí bi mí ní Yorùbá.

Dókítà ṣí ìwé ọjọ́ náà lórí kọ̀ǹpútà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìmọ̀ràn láti máa ṣe àyẹ̀wò, ní ojú ìwé kẹsàn-án nínú mọ́kànlá, nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ni orúkọ Àǹtí wà pẹ̀lú ìkọ̀wé ọwọ́ aránṣọ, tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gún. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ni ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbọ́ pé jẹjẹrẹ ni. Ta ni í ka ojú ìwé kẹsàn-án ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀?

Ohun tí dókítà ń bẹ̀rù, tí ó sì sọ ọ́ láìfi bò, ni irú jẹjẹrẹ kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní BIA-ALCL. Kì í ṣe jẹjẹrẹ ọmú. Inú awọ tí ara hun yí àpò ká ló ti ń bẹ̀rẹ̀, láti ara àwọn ọmọ ogun tó ń gbèjà ara wa lọ́wọ́ àrùn. Ó sábà máa ń tó ọdún méje sí mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí ó tó yọjú, àmì rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù sì ni kí omi kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ àpò kí ọmú kan ṣàdédé wú. Ní ọdún 2011 ni FDA kọ́kọ́ kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àjọṣe wà láàárín rẹ̀ àti àpò. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ilé iṣẹ́ Allergan kó àwọn àpò BIOCELL rẹ̀, tó hán lára, kúrò lórí àtẹ káàkiri ayé nígbà tí FDA béèrè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2021, FDA ní kí ìkìlọ̀ tó le jù tí wọ́n ní máa wà lórí páálí gbogbo àpò ọmú, kí dókítà sì máa ka kókó ewu rẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó fọwọ́ sí i. Láti 1962 sí 2021, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Àìsàn náà kò wọ́pọ̀, mo sì fẹ́ kí òye èyí yé wa kí ẹ̀rù má bàa sọ wá di òpùrọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní àpò láyà ni kò ní rí i láé. Ó ti pa àwọn kan, ṣùgbọ́n bí a bá tètè mú un, ó ń lọ. Àwọn dókítà MD Anderson pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde ní ọdún 2016 nípa aláìsàn 87, wọ́n sì rí i pé yíyọ àpò náà tọwọ́ tẹsẹ̀ pẹ̀lú gbogbo awọ tó yí i ká ni gbòógì ìtọ́jú. Ìlú tí ó bí àpò náà ló tún ń kọ́ ayé bí a ti ń yọ ọ́.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi láti ẹ̀gbẹ́ àpò Àǹtí, wọ́n ní kí a lọ dúró de èsì fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ya MRI.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi mọ Houston. Ní ọ̀sán, Àǹtí á máa rán aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ á máa ké láìdúró. Mo mọ̀ pé ariwo rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo ti inú wọn. Èmi á wọ ọkọ̀ lọ sáàárín ìlú. Mo rìn dé àdúgbò àwọn ilé ẹjọ́, nítorí ibẹ̀ náà wà lára ìtàn yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1992, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ dá obìnrin kan láre ní Houston, wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ tó ṣe àpò rẹ̀ san mílíọ̀nù 25 dọ́là. Ọdún yẹn kan náà ni FDA fòfin de àpò sílíkónì fún ọ̀ṣọ́, àyàfi nínú ìwádìí, òfin tí kò kúrò títí di 2006. Ẹjọ́ wá ya bí omi. Ní ọdún 1995, Dow Corning, ilé iṣẹ́ tó bá Cronin àti Gerow ṣe àpò àkọ́kọ́, lọ sábẹ́ òfin àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì wá jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, ìròyìn ńlá kan ní ọdún 1999 sọ pé kò sí ẹ̀rí pé sílíkónì ń fa àwọn àìsàn oríkèé àti ẹran ara tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ náà dá lé. Àpò tó ń bẹ́, ọmú tó ń le, kòkòrò tó ń wọ ojú ọgbẹ́, àwọn wọ̀nyí ni ìṣòro tó dájú. Síbẹ̀ àwọn obìnrin kan ṣì wà lónìí tí wọ́n ní ó ń rẹ àwọn ṣáá, oríkèé ń ro àwọn, ọkàn àwọn kò pa pọ̀, tí ara àwọn kan nínú wọn sì fúyẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n yọ àpò. Ìmọ̀ ìṣègùn kò tíì fún un ní orúkọ àìsàn kan pàtó. Èmi kò lè sọ fún obìnrin tó ń jẹ̀rora pé irọ́ ló ń pa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo fi ọgbọ́n fa Àǹtí kúrò nídìí ẹ̀rọ, a lọ wo àwọn àdán abẹ́ afárá Waugh, tí kò jìnnà sí báńkì ọjọ́sí. Ọ̀kẹ́ àìmọye wọn ló ń gbé inú àlàfo kọnkéré afárá náà. Bí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n á tú jáde bí èéfín, òórùn wọn á gba ibẹ̀ kan, àwọn ọmọdé á pariwo. Àǹtí fi ìborí bo imú, wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà.

“Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ,” ni wọ́n wí. “Èmi náà ti dorí kodò láti ọjọ́ yìí, mò ń wo ìṣe dókítà.”

Orí odi odò yẹn ni a jókòó sí tí fóònù mi fi dún. Àbúrò mi obìnrin ni, láti Ìbàdàn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ó ń kun ìyàwó lójú jẹun, iṣẹ́ náà sì ń rí owó. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló ti ń fi owó pamọ́ láti lọ ra ọmú. Ó ti rí dókítà kan lórí Instagram, ẹni tó sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, kò sí wàhálà, títí ayé ni. Ó ní kí n bá òun wo iye tí wọ́n ń gbà ní Houston, bóyá ti Nàìjíríà pọ̀ jù.

N kò bá a jà. Ara rẹ̀ ni, owó rẹ̀ ni, n kò sì gbà pé ẹni tó fẹ́ kí ọmú òun tóbi ti ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo sọ ohun tí mo ti gbọ́ fún un. Mo ní ní Amẹ́ríkà níbí, ẹni tó bá ti pé ọdún méjìlélógún nìkan ni FDA fọwọ́ sí kí ó gba sílíkónì fún ọ̀ṣọ́. Olómi iyọ̀ ni wọ́n gbà fún ẹni ọdún méjìdínlógún sókè. Mo ní kò sí àpò ọmú tó wà títí ayé: nínú ìròyìn FDA ti ọdún 2011, ẹnì kan nínú márùn-ún tó fi ṣe ọ̀ṣọ́ ló ní láti yọ ọ́ láàárín ọdún mẹ́wàá, ó sì tó ìdajì lára àwọn tó fi rọ́pò ọmú tí jẹjẹrẹ gbà. Mo bi í bóyá dókítà rẹ̀ ti wo àpá tó ní létí, níbi tí wọ́n ti lu ú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, tó sì wú tó le bí ẹ̀pà. Irú àpá bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwa adúláwọ̀, ojú abẹ lábẹ́ ọmú sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Mo bi í bóyá wọ́n ti sọ fún un pé orí ọmú lè kú tipiri, pé ó lè ṣòro láti fún ọmọ lọ́mú dáadáa bí ó bá bímọ, pé ó gbọ́dọ̀ máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ yàwòrán ọmú rẹ̀ fún jẹjẹrẹ pé àpò wà níbẹ̀, nítorí àpò lè bo ohun tí wọ́n ń wá. Mo ní kí ó béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe àpò náà, bóyá ó dán tàbí ó hán, kí ó sì gba káàdì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun á pè mí padà.

Èsì dé ní ọjọ́ kẹjọ. Kò sí jẹjẹrẹ nínú omi náà. Àǹtí dì mọ́ mi, wọ́n wú gẹ̀lẹ̀ wọn lórí, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde. Dókítà ní kí wọ́n rọra, ọ̀rọ̀ kù. MRI fi hàn pé àpò ti bẹ́. Kò sí ẹni tó lè sọ ìgbà tó bẹ́. Ó lè ti tó ọdún mẹ́ta. Awọ tí ara hun ti fún sílíkónì náà pa sójú kan, ó sì gbọ́dọ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fi tuntun sí i, tàbí kí wọ́n fa ẹran láti ikùn láti fi mọ ọmú mìíràn, tàbí kí wọ́n fi àyà sílẹ̀ ní pẹrẹsẹ.

Ní ọjọ́ yìí, Àǹtí ka ìwé náà. Wọ́n bọ́ jígí, wọ́n nù ún, wọ́n tún un fi sójú, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo rírán tí kò gún. Ó gbà wọ́n tó wákàtí kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni nọ́ọ̀sì yọjú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí ó má bínú. Ìbéèrè wọn tó mẹ́rìnlá, mo túmọ̀ díẹ̀, èyí tó pọ̀ ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n má fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

“Fóòmù wà nílé,” ni wọ́n wí fún mi nínú ọkọ̀. “Kọ́mú mi, èmi ni màá rán an. Bí èyí bá bàjẹ́, màá tú u, màá tún un rán.”

Mo ti padà sí Ìbàdàn báyìí. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, Àǹtí sì ti padà sídìí ẹ̀rọ. Àbúrò mi pè lálẹ́ ọjọ́ kejì tí mo dé. Kò tíì pinnu, owó náà ṣì wà níbi tó fi pamọ́ sí. Ó ní òun ti béèrè káàdì, dókítà náà ní ó wà. Òun béèrè bóyá àpò náà dán tàbí ó hán, ó ní kí òun má ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó wá wí, “MRI tí ẹ ní kí n máa ṣe yẹn, èló ni wọ́n ń ṣe é níbí?”